Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Fọ́ńkíṣọ̀n Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí níbi ìkómọjáde, mo sì rò pé ọmọ ènìyàn nìkan ló ń bá wí. Ìgbà tí mo wà ní SS2 ni mo tó mọ̀ pé ó ń bá ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wí pẹ̀lú. Ìdíje eré ìdárayá láàrin ilé mẹ́rin tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí, ẹ̀kọ́ náà kò sì dùn.

Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó ṣírò èsì lọ́dún náà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la pín iṣẹ́ náà ṣe, èdè C tí olùkọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa la sì fi kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ ètò kọ̀ǹpútà, kó ṣáà mọ̀ pé fọ́ńkíṣọ̀n ni ìpín kékeré nínú ètò, tó ní iṣẹ́ kan pàtó tó ń ṣe, tí a sì ń fi orúkọ pè nígbàkígbà tí a bá nílò rẹ̀. Mo kọ fọ́ńkíṣọ̀n kan tó ń ka máàkì ilé kọ̀ọ̀kan: máàkì 5 fún wúrà, 3 fún fàdákà, 1 fún idẹ. Mo sọ ọ́ ní ka. Ọ̀rẹ́ mi kọ èyí tó ń ka iye mẹ́dàlì tí ilé kọ̀ọ̀kan gbà. Òun náà sọ tirẹ̀ ní ka. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìdíje la pa fáìlì wa méjèèjì pọ̀, kọ̀ǹpútà sì kọ̀ jálẹ̀, ó ní orúkọ kan náà ni fọ́ńkíṣọ̀n méjì ń jẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú, oorun ti ń kùn wá. A sọ èyí di ka1, a sọ ìyẹn di ka2. Kọ̀ǹpútà gbà, a lọ sùn.

Ní ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ ìlà tó ń gbé èsì jáde. Èyí tó ń ka máàkì ni mo fẹ́ pè, èyí tó ń ka mẹ́dàlì ni mo pè. Ilé Yẹ́lò gba mẹ́dàlì 14: wúrà 3, fàdákà 4, idẹ 7. Ilé Gíríìnì gba 11 péré, ṣùgbọ́n 7 nínú rẹ̀ jẹ́ wúrà, 2 jẹ́ fàdákà, 2 jẹ́ idẹ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: Gíríìnì ní máàkì 43, Yẹ́lò ní 34. Ètò wa sọ pé Yẹ́lò ló borí, wọ́n sì gbé ife ẹ̀yẹ lé wọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá eré ní Ilé Gíríìnì, tó sáré títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó, jókòó sínú yanrìn, kò sọ̀rọ̀. Kí olùkọ́ eré ìdárayá tó fi bírò ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, tó rí àṣìṣe wa, àwọn ọmọ Yẹ́lò ti gbé ife yí pápá ká. Wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ilé méjì ló sunkún lọ́jọ́ náà nítorí orúkọ méjì tí kò nítumọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún màmá mi.

“Kí lẹ wá sọ àwọn méjèèjì nígbà tí orúkọ wọn bára mu?”

“Màmi, ka1 àti ka2 ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìbejì pàápàá, Táyé àti Kẹ́hìndé, orúkọ wọn ní ohun tó ń sọ. Táyé ló kọ́kọ́ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé ló dé gbẹ̀yìn. Kí ni ení sọ nípa ti àkọ́kọ́, kí sì ni èjì sọ nípa èkejì?”

N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ orúkọ àwọn fọ́ńkíṣọ̀n wò bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí: níbi tí èdè kò bá ti kọ́ yàrá fún orúkọ, orúkọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ru ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ èyí sílẹ̀, kò ju pé ó fi ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò pe orúkọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Dennis Ritchie ló ṣẹ̀dá C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1972. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkàn Linux, tó wà nínú fóònù Android tí a ń gbé kiri. Nínú èdè yìí, gbogbo fọ́ńkíṣọ̀n tí fáìlì kan bá fi han àwọn fáìlì yòókù, àgbàlá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé. Àwọn èdè mìíràn bíi C++, Java àti Python ní yàrá: ka lè wà ní yàrá eré, kí ka mìíràn wà ní yàrá ìwé, wọn kò ní í bá ara wọn jà. C kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, static, tó ń há fọ́ńkíṣọ̀n mọ́ inú fáìlì tirẹ̀ kí ará ìta má baà rí i. Èyí dára fún ọmọ tí kò ní jáde nílé. Ọmọ tí yóò bá jáde, orúkọ rẹ̀ ni yóò dáàbò bò ó.

Bí orúkọ méjì bá kọlura, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ bó ṣe kọ̀ fún wa. Ìyẹn tilẹ̀ ṣàánú. Lórí Linux, bí àkójọ fọ́ńkíṣọ̀n méjì tí ètò ń lò lásìkò tó ń ṣiṣẹ́ bá ní orúkọ kan náà, èyí tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ bá pàdé ló máa ń mú, kò sì ní í ké sí ẹnikẹ́ni. Ẹ pe Àyìnlá, Àyìnlá mìíràn dá yín lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri, ẹ̀yin sì rò pé ọmọ yín ni.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá C lẹ́bi, ó yẹ kí n gbèjà rẹ̀ níbi kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi orúkọ bíi strcmp, strcpy àti strlen ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí ẹni tí eyín ń dùn bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ ka lẹ́tà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́fà mẹ́fà ni. Ìlànà C ti ọdún 1989 kò ṣèlérí ju lẹ́tà 6 àkọ́kọ́ lọ fún orúkọ tí fáìlì kan fi han òmíràn, torí pé ibi tí agbára àwọn irinṣẹ́ kan mọ nígbà náà nìyẹn. Orúkọ méjì tí lẹ́tà 6 àkọ́kọ́ wọn bá bára mu lè di ọ̀kan. Ìlànà ti ọdún 1999 ló gbé e dé 31. Ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́fà péré, tó sì tún rántí fi str sí iwájú kí a lè mọ̀ pé ìdílé ọ̀rọ̀ ni, ó gbìyànjú.

Str yẹn ni ibi tí ọgbọ́n wà. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, olùkọ́ wa kọ́ wa ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹyọ tí a ń fi kún iwájú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó jọ ọ́ ni str ń ṣe fún ohun tó kan ọ̀rọ̀, tí mem ń ṣe fún ibi ìpamọ́, tí is ń ṣe fún ìbéèrè bíi isdigit, tó ń béèrè bóyá nọ́ńbà ni lẹ́tà kan. Kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá gbọ́ Àyánkúnlé tàbí Àyándélé, a mọ̀ pé ìdílé onílù ni. Ọdẹ́wálé wá láti ìdílé ọdẹ, Fágbèmí láti ìdílé onífá, Ọ̀jẹ́wálé láti ìdílé eléégún. A kò tíì rí ẹni náà sójú, orúkọ ti mú wa dé ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀.

Àléébù àkọ́kọ́ tí mo rí nínú àwọn fọ́ńkíṣọ̀n tó bá C wá ni pé àfòmọ́ wọn kì í dúró sójú kan. Nínú fopen àti fclose, f túmọ̀ sí fáìlì. Nínú fabs àti fmod, f kan náà ń tọ́ka sí nọ́ńbà oní-ẹ̀sún. Nínú free, f kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ n tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Strncpy àti strncat jọ ọmọ ìyá kan náà. Méjèèjì ń gba iye tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n strncat máa ń fi àmì òpin sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, strncpy kì í fi í bí ọ̀rọ̀ tó ń dà kọ bá ti gùn dé iye náà. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìjọra orúkọ wọn yóò bá ara rẹ̀ nínú kòtò. Àfòmọ́ tó ń purọ́ léwu ju kí a má ní àfòmọ́ lọ, nítorí ẹni tí kò rí àmì lójú ọ̀nà á rọra rìn, ẹni tí àmì ṣì lọ́nà á sáré.

Èkejì ni pé àwọn àkọ́dé kó àwọn orúkọ tó gbòòrò lọ. Remove jẹ́ fọ́ńkíṣọ̀n nínú C. Kí ló ń yọ kúrò? Fáìlì ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Rename, time, signal àti exit náà wà ńbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó kọ́kọ́ dé abúlé, tó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Ọmọ, tó sọ èkejì ní Ènìyàn. Àwọn tó dé lẹ́yìn á wá máa wá ohun tí wọn yóò sọ tiwọn kiri.

Ẹ̀kẹta kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Ìlànà ti 1989 àti ti 1999 fi àwọn orúkọ kan pamọ́ fún C fúnra rẹ̀ nítorí ọjọ́ iwájú. Nínú wọn ni orúkọ fọ́ńkíṣọ̀n gbogbo tí fáìlì mìíràn lè rí, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú is, to, str tàbí mem, tí lẹ́tà kékeré sì tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ o: isiro bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú is, toju bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú to. Ọmọ tó bá fi èdè abínibí rẹ̀ sọ fọ́ńkíṣọ̀n ní isiro, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló kọ́lé sí, kò sì sí ẹni tó kìlọ̀ fún un. Total pàápàá, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, wà lórí ilẹ̀ yẹn bí a bá fi sọ irú fọ́ńkíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Ó yẹ kí n fi kún un pé láìsí àmì ohùn, tiwa tètè ń kọlura. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ la sábà máa ń fi kọ orúkọ nínú C. Bí mo bá rí ka_oko, ṣé ó ń ka ọkọ̀ tó wà ní gáréèjì ni, àbí ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, àbí oko tí àgbẹ̀ ní? Ka pàápàá lè jẹ́ kíka ìwé, ó sì lè jẹ́ kíka owó. Èdè tó fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nílò ilé nínú orúkọ ju èdè mìíràn lọ.

Àwọn wo ló wá ṣe é dáadáa? Mo yan méjì. Àkọ́kọ́ ni GTK, àkójọ tí a fi ń ya fèrèsé àti bọ́tìnnì sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo gtk_window_set_title. Gtk ni ilé, window ni ohun tí a fẹ́ fọwọ́ kàn, set_title ni iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe fún un: a fẹ́ fún fèrèsé ní àkọlé. Ilé, ohun, iṣẹ́, wọ́n tò tẹ̀léra bẹ́ẹ̀ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá mọ mẹ́wàá lè méfò ìkọkànlá kó sì gbà á.

Èkejì ni SQLite, àkójọ tí D. Richard Hipp dá sílẹ̀ fún títọ́jú àkọsílẹ̀, tó wà nínú fóònù Android gbogbo. Sqlite_open ni wọ́n ń lò ní ẹ̀dà kejì rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta dé ní 2004, tí ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n yí orúkọ gbogbo padà: sqlite3_open, sqlite3_close. Nọ́ńbà ni wọ́n fi kún un, bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe fi nọ́ńbà kún ka. Kí ló wá fi yàtọ̀? Nọ́ńbà tiwọn ní ìtumọ̀, ilé ló sì lẹ̀ mọ́, kì í ṣe iṣẹ́. Ó sọ ìran tí ọmọ náà ti wá. Nítorí èyí, ètò kan ṣoṣo lè lo ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun papọ̀ láìsí ìjà. Nọ́ńbà tiwa kò sọ ju ẹni tí a kọ́kọ́ rántí lálẹ́ ọjọ́ náà lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní orúkọ gígùn ń dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní ẹjọ́. Fọ́ńkíṣọ̀n kan wà tó ń jẹ́ pthread_mutexattr_setprotocol; lẹ́tà àti àmì rẹ̀ jẹ́ 29, mo sì ti ṣì í tẹ̀ rí. Bí gbogbo ìlà bá kún fún irú èyí, ojú á rẹ òǹkàwé. Ìdáhùn mi ni pé kí a fi static há àwọn tí kò ní jáde mọ́lé, kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ kúkúrú. Àwọn tó ń jáde nìkan ni kí ó gbé orúkọ ilé. Àwa náà kì í fi orúkọ ìdílé pe àbúrò wa nínú pálọ̀. Ìgbà tí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Àríwísí kejì le ju ìyẹn lọ: àfòmọ́ kò ju àdéhùn lọ. Kò sí ohun tó ní kí àkójọ méjì má yan àfòmọ́ kan náà. Èdè tó ní yàrá lè fipá yà wọ́n. C kò lè ṣe é. Mo gbà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ló ń jẹ́ Adé tí baba wọn kò jọba rí. Ṣùgbọ́n a kò torí ìyẹn sọ pé kí a máa sọ ọmọ ní Ení àti Èjì. Ibi tí òfin kò bá ti lágbára, ìwà ni a fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá yan àfòmọ́ tó ṣe kedere, tí kò kúrú jù, tó sì wò ó bóyá ẹlòmíràn ti ń lò ó, ti ṣe ìpín tirẹ̀.

Sí ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ẹ bá ń fún wa ní máàkì lórí ètò kọ̀ǹpútà, ẹ má wo bóyá ó ṣiṣẹ́ nìkan. Tiwa ṣiṣẹ́. Kò sí àṣìṣe kankan tí kọ̀ǹpútà rí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò tilẹ̀ dákú. Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ẹ fi orúkọ fọ́ńkíṣọ̀n hàn án láìjẹ́ kó rí inú rẹ̀, kí ẹ bi í ní ohun tó rò pé ó ń ṣe. Bí kò bá lè sọ ọ́, iṣẹ́ ò tíì parí.

Lẹ́yìn ìdíje náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi padà sí ètò wa. A sọ tèmi di ere_ka_maaki, a sọ tirẹ̀ di ere_ka_medali. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo lọ bẹ ọ̀gá eré Ilé Gíríìnì, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú títí sáà náà fi parí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ SS1 méjì ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Mo jókòó sí ẹ̀yìn wọn nígbà tí wọ́n ń kọ ìlà tó ń gbé èsì jáde, mo sì ti múra láti ṣàlàyé. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn ka orúkọ méjèèjì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó tẹ ere_ka_maaki, ó sì kọjá sí ìlà tó kàn.